Ìbéèrè Tó Ṣáájú "Kíláòdù Wo Ni Ká Lò?"

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú dátábéèsì sọ ní Ìbàdàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ dúró ti ògiri lẹ́yìn yẹn, ẹ kú ìdúró. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ilé iṣẹ́ ṣe lè yan kíláòdù tó bá fẹ́ kó dátábéèsì rẹ̀ kúrò nínú yàrá sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé e) ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Bí mo ṣe ń wọlé báyìí, àbúrò kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn sọ èyí tó dáa jù fún wa, ká máa lọ. Ṣé Amazon ni, àbí Microsoft, àbí Google?" Ẹ̀rín pa mí. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé, tó ń béèrè irú ọkọ̀ tí òun máa háyà, tí kò sì tíì ṣí yàrá tó fẹ́ kó wò.

Ọ̀rọ̀ mi lónìí ò ju ìyẹn lọ: ẹ ṣí yàrá wò ná. Bí ẹ bá ti mọ ohun tí dátábéèsì yín ń ṣe tọ̀sán-tòru, tí ẹ sì mọ gbogbo àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, orúkọ kíláòdù á fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ara rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn gan-an tàn wá. Ìkùukùu ni "cloud" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lójú sánmà. Ilé ńlá ni, ní Johannesburg, ní Cape Town, ní Dublin, tí wọ́n to kọ̀ǹpútà sí rẹpẹtẹ, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wọn lára láìsinmi. Ẹlòmíràn ló ni wọ́n, àwa ń yá wọn lò. Dátábéèsì tí mo sì ń wí ni èyí tó ń to nǹkan sí tábìlì, tí tábìlì kan mọ èkejì: oníbàárà, ọjà tó gbé, owó tó san. Edgar Codd ní ilé iṣẹ́ IBM ló gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1970, inú agbo ilé yẹn sì ni Oracle, SQL Server, MySQL àti PostgreSQL ti jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé onílé ni wọ́n ń gbé: o ra sáfà, o ra láísẹ́ńsì, o gba ẹni tí yóò máa sùn tì í. Oṣù Kẹwàá ọdún 2009 ni Amazon gbé RDS, dátábéèsì tí wọ́n ń bá èèyàn tọ́jú lórí kíláòdù, jáde, MySQL nìkan ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Microsoft gbé tirẹ̀ jáde, èyí tí a ń pè ní Azure SQL Database lónìí.

Ká má parọ́ fún ara wa ṣá. Kì í ṣe ìfẹ́ kíláòdù ló ń lé ọ̀pọ̀ nínú wa kúrò nílé. Owó dísù ni. Bátìrì inverter tó ti kú ni. Déètì sì ni pẹ̀lú: Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn SQL Server 2014 dúró ní ọjọ́ 9 Oṣù Keje ọdún 2024, ọjọ́ 14 Oṣù Keje ọdún 2026 ni wọ́n sì fi sí ti 2016. Ẹni tí wọ́n ń lé kì í fara balẹ̀ di ẹrù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí o yá kọ̀ǹpútà òfìfo lọ́dọ̀ wọn, kí o gbé SQL Server tàbí Oracle tìrẹ lé e. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gba yàrá lọ́wọ́ onílé: kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, o lè kan ìṣó mọ́ ògiri bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n bí òrùlé bá ń jò lóru, ìwọ náà ni wàá dìde gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i.

Ọ̀nà kejì ni hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn RDS, Azure SQL àti Cloud SQL ti Google ni mo ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ. Wọ́n á máa ṣe bákáàpù lójoojúmọ́, o sì lè ní kí RDS tọ́jú rẹ̀ tó ọjọ́ 35, débi pé bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa tábìlì rẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wàá lè gbé dátábéèsì padà sí bó ṣe rí ní ìṣẹ́jú mélòó kan ṣáájú ìgbà yẹn. Bí o bá san owó ìkejì, wọ́n á gbé ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé mìíràn nítòsí. Bí àkọ́kọ́ bá kú, ìkejì sábà máa ń gba iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Èwo nínú wa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní yàrá sáfà tirẹ̀, pẹ̀lú NEPA?

Ṣùgbọ́n hòtẹ́ẹ̀lì ni. O ò lè kan ìṣó mọ́ ògiri. Lórí RDS, wọn ò ní fún ọ ní àṣẹ ọ̀gá pátápátá, ìyẹn sysadmin nínú SQL Server tàbí superuser nínú PostgreSQL, o ò sì lè wọ inú Windows tàbí Linux tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gbọ́ èyí, tó fi ìbínú dìde, pé òun ti ń ṣiṣẹ́ DBA, olùtọ́jú dátábéèsì, láti ọdún 2003, ta ni yóò sọ fún òun pé òun ò lè wọ yàrá òun? Mo ní kó jókòó. Yàrá rẹ̀ kọ́. Amazon ní RDS Custom fún irú wọn, hòtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ kí o dáná nínú yàrá. Bí o bá jó aṣọ fèrèsé, ọrùn rẹ ló wà.

Ọ̀nà kẹta ni kí o yí ẹ́ńjìnnì padà pátápátá, kí Oracle di PostgreSQL, bí àpẹẹrẹ. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ní tèmi, ilé iṣẹ́ tí kò ní ju èèyàn kan tàbí méjì tó mọ dátábéèsì lọ, hòtẹ́ẹ̀lì ni kó gbà bí ẹrù rẹ̀ bá lè wọ̀ ọ́. Bóyá ó lè wọ̀ ọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbì kan. Ilé iṣẹ́ kan, n ò ní dárúkọ wọn, wọ́n ń pín oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn àti ṣọ́ọ̀bù oògùn. Dátábéèsì wọn tó 400 GB, SQL Server ni. Mo bi ọ̀gá wọn léèrè pé, "Kí ni dátábéèsì yín ń ṣe lóru?" Ó wò mí bí ẹni tí orí mi yí. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, ó ń sùn. Mo ní kó jẹ́ kí èmi àti ọmọ tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ jókòó tì í di àárọ̀.

Aago 11:30 alẹ́, iṣẹ́ kan dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to iye ọjà tó kù. Aago kan òru, òmíràn gba linked server, ọ̀nà tó so sáfà kan mọ́ òmíràn, kọjá sí sáfà kejì ní ilé ìkẹ́rùsí wọn ní Ìkẹjà, ó kó àkọsílẹ̀ wá. Aago 2:15, òmíràn kọ fáìlì CSV kan sí drive D. A kò mọ ohun tó wà fún títí ilẹ̀ fi mọ́, tí akọ̀wé kan wá fi flash kó o lọ sí báǹkì. Aago mẹ́rin, Database Mail fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka. Mọ́kànlá ni iṣẹ́ tí mo kà kí mùẹ́sínì tó pèrun. Mẹ́ta nínú wọn, ẹni tó kọ wọ́n ti já lọ sí Canada, kò sì sẹ́ni tó láyà láti ṣí wọn wò.

Òru ọjọ́ yẹn ló yan kíláòdù fún wọn, kì í ṣe èmi. Azure SQL Database, èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù lójú ìwé owó, kò ní SQL Agent tó ń jí iṣẹ́ òru dìde, kò ní linked server, kò ní Database Mail, dátábéèsì kan kò sì lè ṣàdédé na ọwọ́ mú tábìlì nínú dátábéèsì kejì. Iṣẹ́ òru wọn á kú síbẹ̀. Managed Instance, ẹ̀yà Azure SQL mìíràn tí Microsoft gbé jáde fún gbogbo èèyàn lọ́dún 2018, gba gbogbo ìwọ̀nyí, àfi drive D: kò sí dísìkì tìrẹ níbẹ̀ tí wàá kọ fáìlì sí. Nítorí náà iṣẹ́ kan ṣoṣo la tún kọ, èyí tó ń kọ CSV. Bí a bá ti yan láti inú ìpolówó, mọ́kànlá la ò bá tún kọ.

Àwọn irinṣẹ́ wà tó ń bá èèyàn wo irú nǹkan báyìí ṣáájú, Microsoft ní tirẹ̀, Amazon ní tirẹ̀, ẹ lò wọ́n. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ yẹn ò ní bá ọ rí akọ̀wé tó ń fi flash kó fáìlì.

Mo rí ọwọ́ kan níbẹ̀ yẹn. Ẹ sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀, arábìnrin. Ó ń béèrè pé bí dátábéèsì bá ti lọ, ṣé áàpù náà gbọ́dọ̀ lọ? Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Kí wọ́n tó pè mí sí ilé iṣẹ́ oògùn yẹn, ẹnì kan ti dán an wò. Ó gbé ẹ̀dà dátábéèsì lọ sí Yúróòpù, ó fi áàpù sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ojú ewé kan wà tó ń fi ọjà 200 hàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó kọ áàpù náà kò béèrè gbogbo orúkọ ọjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó béèrè ti àkọ́kọ́, ó dúró, wọ́n dá a lóhùn, ó béèrè ti ìkejì, ó dúró, títí dé 200. Nínú ọ́fíìsì, àlọ àti àbọ̀ ìbéèrè kan kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀ sí Yúróòpù. Nínú wáyà gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń sáré bíi 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó sí London tó bíi 5,000 kìlómítà ní tààrà, àlọ àti àbọ̀ di 10,000: ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá ti lọ. Wáyà ò sì gba tààrà, etí òkun ló ń tọ̀, ó ń yà síbí ó ń yà sọ́hùn-ún, ká kúkú pè é ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ní ọ̀nà 200, ogún ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn, lórí ojú ewé kan ṣoṣo. Akọ̀wé á tẹ bọ́tìnì, á dìde lọ bu omi mu, á padà wá bá a níbi tó ń yí.

Wọ́n ní kíláòdù ò dáa. Kíláòdù ò ṣẹ̀ wọ́n. Tọkọtaya tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà 200 lójúmọ́ ni wọ́n yà, tí wọ́n gbé ọ̀kan sí Ìbàdàn, ọ̀kan sí òkè òkun. Ẹ gbé áàpù sí ẹ̀gbẹ́ dátábéèsì rẹ̀. Kí ó jẹ́ pé ojú ewé tó ti pé ló ń gba orí òkun bọ̀, lẹ́ẹ̀kan.

Nísinsìnyí tí a ti mọ̀ pé ibi tí ilé wà ṣe pàtàkì, ibo ló wà nítòsí? Microsoft ṣí ibùdó rẹ̀ ní South Africa lọ́dún 2019, Amazon ṣí ti Cape Town ní 2020, Google ṣí ti Johannesburg ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Amazon ní ibùdó kékeré kan ní Èkó láti 2023, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn ló wà níbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó fọkàn sí i. Ilé dátà tó wà nílé níbí náà wà, bíi Rack Centre ní Òrégùn, tí èèyàn lè gbé sáfà tirẹ̀ lọ fún iná àti ìtútù. Ẹni tí dátábéèsì rẹ̀ kún fún ìṣó lára ògiri, mi ò rí àbùkù nínú kó gbé sáfà rẹ̀ lọ síbẹ̀ fún ọdún kan ná.

Ẹ rántí ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta ọdún 2024. Wáyà mẹ́rin lábẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, gé nítòsí Abidjan. Báǹkì dákẹ́, fóònù dákẹ́, kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan. Dátábéèsì tó wà ní Cape Town kò kú lọ́jọ́ náà, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ló kú. Ẹ bi ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín pé wáyà wo gan-an ni òun ń gbà, kí ẹ sì rí i pé ti ẹni kejì kì í ṣe wáyà kan náà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń sanwó fún íntánẹ́ẹ̀tì méjì tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ni wọ́n jọ ń gbà.

Òfin ńkọ́? Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, kò sọ pé dátà àwọn èèyàn kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ohun tí ẹ gùn lé tí ẹ fi gbé e kọjá àti ààbò tó wà níbi tó ń lọ. Ẹ pe agbẹjọ́rò kí ẹ tó pe Amazon. Bí ó bá jẹ́ dátà ìjọba, ẹ ka ìlànà NITDA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ìròyìn, torí ilé ni wọ́n fẹ́ kó wà.

Owó wá kù. Èmi kì í pẹ́ lórí rẹ̀, torí ìwé owó ń yí padà lójoojúmọ́, àti pé ẹ̀rọ ìṣirò wà lórí ìkànnì wọn fún ẹni tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ. Dọ́là ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan wà ní bíi náírà 460 ní ọjà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó ń san 1,000 dọ́là lóṣù, tí kò fi kọ̀ǹpútà kan kún un, owó rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ sọ ìyẹn fún ọ̀gá yín kó tó buwọ́ lù ú, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Láísẹ́ńsì náà wà níbẹ̀: bí ẹ bá ní SQL Server tí ẹ ṣì ń san Software Assurance, owó àtìlẹ́yìn Microsoft, lé lórí, Azure á jẹ́ kí ẹ gbé e wá, owó á sì rọ̀. Oracle Enterprise Edition lórí RDS, láísẹ́ńsì tiyín lẹ máa gbé wá, vCPU (ìwọ̀n agbára kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń yáni) méjì sì ni wọ́n sábà máa ń kà sí láísẹ́ńsì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ẹ máa pa dátábéèsì ìdánwò kí owó lè dínkù, ẹ ṣọ́ra: RDS tí ẹ bá pa, lẹ́yìn ọjọ́ méje á tan ara rẹ̀ padà. Ẹnì kan tí mo mọ̀ pa tirẹ̀, ó lọ ṣe ọdún Iléyá, ó sinmi oṣù kan. Ìwé owó ló kí i káàbọ̀.

Mo ṣèlérí pé mo ń bọ̀ lórí yíyí ẹ́ńjìnnì padà. Àwọn Amazon fúnra wọn, tí wọ́n ń ta kíláòdù fún gbogbo ayé, Oracle ni ṣọ́ọ̀bù wọn ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn ti pa èyí tó kẹ́yìn: dátábéèsì Oracle tó tó 7,500, dátà tó tó petabyte 75 (GB mílíọ̀nù kan ni petabyte kan), ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lé ní 100 ló sì ṣiṣẹ́ náà. Ẹ wo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín, ẹ̀yin méjì, kí ẹ tó sọ pé ẹ máa fi ìsinmi Àjíǹde ṣe é.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Kóòdù tó ti wà nínú Oracle fún ogún ọdún ti di Oracle. Irinṣẹ́ á tún èyí tó pọ̀ jù kọ fún yín, èyí tó kù ni yóò jẹ yín lẹ́sẹ̀. Lójú Oracle, ọ̀rọ̀ òfìfo àti NULL (àmì pé a kò mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀), nǹkan kan náà ni. Lójú PostgreSQL, wọn ò jọ ara wọn. Ìjábọ̀ tó ń ka "oníbàárà tí kò ní nọ́ńbà fóònù" á máa fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀, kò sì ní fi àṣìṣe kankan hàn.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni orúkọ wa. Nínú SQL Server, bí kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ bá jẹ́ varchar lábẹ́ collation (ìlànà tí dátábéèsì fi ń ka lẹ́tà, tó sì fi ń fi wọ́n wéra) Latin1 àtijọ́, tí ẹ kọ Ṣọlá sí i, "??lá" lẹ máa bá níbẹ̀. Kí wọ́n sọ ọ́ di nvarchar, tó ń gba gbogbo àmì wa, kí ẹ tó kó o, torí kíláòdù tó dáa jù láyé kò lè dá ohun tó ti di àmì ìbéèrè padà. MySQL 8.0 ní tirẹ̀ gba gbogbo àmì wa, ṣùgbọ́n collation tó ń bá a wá láti ilé, utf8mb4_0900_ai_ci, kì í ka àmì sí bó bá ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Lójú rẹ̀, owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti òwò, ọ̀kan ni gbogbo wọn. Ó ń mú inú bíni, ó sì ń ranni lọ́wọ́: akọ̀wé ilé ìwòsàn tó tẹ "sola" á rí Ṣọlá lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá gbé dátábéèsì yẹn lọ sí PostgreSQL láìtún nǹkan kan ṣe. "sola" kò ní rí Ṣọlá mọ́. Akọ̀wé á ní aláìsàn náà kò sí nínú ìwé, á ṣí káàdì tuntun fún un, ìtàn àìsàn obìnrin náà á sì pín sí méjì. Ẹ ka ìlà tábìlì ní méjèèjì, ó pé. Kò sí dátà kan tó sọnù. PostgreSQL ní unaccent, tó ń bọ́ àmì kúrò lára lẹ́tà, fún irú èyí, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun nílò rẹ̀ ló ń wá a.

Bákáàpù: ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà níbi tí kíláòdù tí ẹ yàn kò lè fọwọ́ kàn. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Google ṣèèṣì pa ọ̀kan nínú kíláòdù àdáni UniSuper rẹ́, ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì ní Australia tó ní ọmọ ẹgbẹ́ tó lé ní 600,000. Àyè kan tí ẹnì kan fi sílẹ̀ ní òfìfo nínú irinṣẹ́ Google ló sọ ọ́ di ohun tí yóò parí lẹ́yìn ọdún kan. Ọdún kan pé, ó parí. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó padà dúró, ohun tó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé wọ́n ní bákáàpù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Ó kù sí alẹ́ ọjọ́ tí a máa kó. Ẹ ṣírò ìyára íntánẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó dá ọjọ́. Dátábéèsì 400 GB tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, lórí wáyà 20 Mbps, wákàtí 44 ni, bí kò bá já rárá. A fún bákáàpù náà pọ̀, ó di bíi 110 GB, ìyẹn wákàtí 12. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, a ò lè ní kí àwọn èèyàn dúró. Ohun tí a ṣe ni pé a gbé èyí tó wà nílẹ̀ lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, a sì ń fi àkọsílẹ̀ ohun tó ń yí padà ránṣẹ́ tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù láàárín ti àtijọ́ àti ti tuntun. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti fi ṣe ìdánwò ṣáájú. Nígbà àkọ́kọ́, ó kùnà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ìdánwò. Báǹkì TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún láti orí ẹ̀rọ Lloyds lọ sí ti Sabadell, ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n nígbà náà, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú Oṣù Kẹrin ọdún 2018. Dátà dé ní pípé. Ilé tuntun ni kò lè gbà wọ́n: nígbà tí àwọn èèyàn rọ́ wọlé, ẹ̀rọ wó, ó tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùnlélógójì tí kò rí ojú àkáǹtì wọn. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn aláṣẹ tó ń ṣọ́ báǹkì níbẹ̀ bu owó ìtanràn £48.65 mílíọ̀nù lé wọn. Ẹ dán an wò pẹ̀lú iye èèyàn tó ń wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kì í ṣe pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta ní yàrá ìpàdé.

Tiwa lọ dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo ojú ewé ń ṣí. A fi sáfà àtijọ́ sílẹ̀ pé kó wà fún oṣù kan, kíkà nìkan, ẹnikẹ́ni ò ní lè kọ nǹkan sí i. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó pè mí. Ó ní, "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ẹ má bínú o. Ṣé a ò ta ọjà kankan láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni?" Mo lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀. Excel kan ló wà lójú kọ̀ǹpútà, ó ti ń lò ó láti ọdún 2017, ẹni tó bá a ṣe é kọ nọ́ńbà IP sáfà àtijọ́ sínú rẹ̀. Láràárọ̀ ni màmá ń tẹ Refresh, láràárọ̀ ni sáfà àtijọ́ ń dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pẹ̀lú ìṣirò ọjọ́ Jímọ̀ tí a kó. Gbogbo òru tí mo fi ṣọ́ dátábéèsì yẹn, màmá ń sùn nílé wọn, mi ò lè rí wọn.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo lọ sí yàrá sáfà, mo fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ lẹ́yìn rẹ̀, mo fi iná sílẹ̀ ní títàn, mo sì wá jókòó ti fóònù mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn mẹ́rin mìíràn ló pè.